Orúkọ Tó Yẹ Ìjìyà Erékùṣù

Ní oṣù kejì ọdún 1962, ẹgbẹ́ òṣèlú Action Group ṣe àpérò wọn ní Jos. Ibẹ̀ ni ìjà Obafemi Awolowo, olórí ẹgbẹ́ náà, àti S. L. Akintola, igbákejì rẹ̀, ti hàn sójú táyé. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún, ìjọba àpapọ̀ kéde ìjọba pàjáwìrì ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pàṣẹ pé kí Awolowo lọ máa gbé ní Lẹ́kkí, láàrin òkun àti ọ̀sà. Ilé ẹjọ́ kò tíì jù ú sẹ́wọ̀n. Ńṣe ni wọ́n ká a lọ́wọ́ kò.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an, ìkálọ́wọ́kò, ló yẹ ká mú dání bí a bá ń kọ ìtàn Róòmù ní Yorùbá. Àwọn ará Róòmù mọ iyì erékùṣù. Ogun ọdún mẹ́tàlélógún ni wọ́n fi gba Sísílì lọ́wọ́ Carthage, láti 264 sí 241 ṣáájú ìbí Kristi. Nígbà tí ọkọ̀ ogun wọn ti gba ojú omi tán, erékùṣù di ibi tí wọ́n ń kó ẹni tí olú-ọba kò fẹ́ rí sójú lọ. Ní ọdún 2 ṣáájú ìbí Kristi, olú-ọba Augustus lé Julia, ọmọ bíbí inú rẹ̀, lọ sí erékùṣù Pandateria. Ó ní kò gbọ́dọ̀ mu ọtí, ọkùnrin kankan kò sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìgbàṣẹ.

Òfin wọn pín ìjìyà yìí sí méjì. Nínú relegatio, ẹni náà kò gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí wọ́n fi í sí, àmọ́ ọmọ Róòmù ni síbẹ̀, dúkìá rẹ̀ sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkálọ́wọ́kò nìyẹn. Deportatio le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni náà kì í ṣe ọmọ Róòmù mọ́, ìjọba á sì gbẹ́sẹ̀ lé ohun ìní rẹ̀. Èyí ni mo pè ní ìlékúrò-nílùú, torí ìlú ló kọ̀ ọ́ lọ́mọ.

Ó rọrùn láti pe méjèèjì ní ìgbèkùn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn. Ẹni tí ọ̀tá mú lójú ogun ló wà ní ìgbèkùn. Julia kò bá ẹnikẹ́ni jagun. Ọmọ ilé-ìwé tó bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ìgbèkùn, ẹ̀wọ̀n, ìkálọ́wọ́kò àti ìlékúrò-nílùú yóò lè bi ìjọba èyíkéyìí léèrè pé: òfin wo lẹ fi mú ẹni yìí, kí lẹ sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀?