Gbèsè Ọ̀sà: Ìtàn Ọrọ̀ Ajé Etí Omi ní Bàríga àti Ṣómólú

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n omi lè ní ajigbèsè. Ìtàn ọrọ̀ ajé Bàríga àti Ṣómólú jẹ́ ìtàn ohun tí àwọn ènìyàn ti gbà lọ́wọ́ ọ̀sà láti ìgbà dé ìgbà, àti ohun tí wọn kò tíì san padà.

Ìpàdé omi ni ọ̀sà Èkó. Odò Ògùn, tí í ṣe ilé Yemọja, àti odò Ọ̀ṣun ń tú sínú rẹ̀ kí omi wọn tó dé ọ̀dọ̀ Olókun. Ìpàdé yìí ló ń bọ́ apẹja. Ní àsìkò òjò, omi odò a borí iyọ̀, ẹja odò a sì pọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi òkun a wọlé, ẹja òkun àti èdé a bá a wá. Apẹja tí ó bá mọ oṣù ni ó ń mọ àwọ̀n tí yóò jù.

Àwọn Ìlàjẹ láti etíkun Oǹdó, àti àwọn Ẹ̀gùn láti ìhà Àgbádárìgì àti Bẹ̀nẹ̀, ni wọ́n sọ etí omi Bàríga di ibùdó ẹja. Orúkọ wọn kò tíì parẹ́ ní àdúgbò náà. Bí ọkùnrin bá na àwọ̀n tán, ọwọ́ obìnrin ni òwò kù sí: òun ni yóò yan ẹja lórí iná igi, tí yóò sì gbé e lọ sí ọjà láìwá yìnyín.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ìlú Èkó ń fẹ̀ síwájú sí i lórí ilẹ̀. Ní 1962, wọ́n dá Yunifásítì Èkó sílẹ̀, èyí tí ọgbà rẹ̀ wà ní Àkọkà, létí ọ̀sà gan-an. Ṣómólú di ìlú àwọn atẹ̀wé, níbi tí ìwé ìpè ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà àti ìwé ètò ọdún ti ń jáde. Gbogbo ilé tuntun wọ̀nyí ń fẹ́ búlọ́ọ̀kù, búlọ́ọ̀kù sì ń fẹ́ iyanrìn. Àwọn ọ̀dọ́ ń mòòkùn pẹ̀lú korobá, wọ́n ń kó iyanrìn kún ọkọ̀ onígbòkun. Ní 1990, afárá Third Mainland parí lójú omi kan náà.

Gbèsè náà ń ga. Ní 1984, ewéko olódòdó àlùkò tí ń léfòó bẹ̀rẹ̀ sí í bo omi etíkun, ó sì ń dí ọkọ̀ àti àwọ̀n lọ́nà. Ẹ̀rọ tí ń fa iyanrìn wá jinlẹ̀ ju ibi tí òmùwẹ̀ lè dé lọ. Ó ń da ibùsùn ẹja rú. Ìdọ̀tí ìlú ń ṣàn wọ inú omi. Bẹ́ẹ̀ ni apẹja kò ní ìwé lórí omi: ní oṣù Keje 2012, wákàtí 72 péré ni ìjọba fún àwọn ará Mákòkó tí kò jìnnà, kí wọ́n tó wó ilé wọn.

Òwò mìíràn wá ń kan ilẹ̀kùn: ìrìn-àjò afẹ́. Ní Ouidah, ní Bẹ̀nẹ̀, ni ọdún ìbílẹ̀ January 10 ti ń kó àlejò jọ. Ní 2005, UNESCO fi Igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo sínú àwọn ogún àgbáyé, ó sì kéde Ifá ní ọdún kan náà. Bàríga náà ní àṣà láti fi hàn: ibẹ̀ ni Crown Troupe of Africa, tí Segun Adefila dá sílẹ̀ ní 1996, ti gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n àlejò kì í rìn jìnnà wá wo òkú omi.

Ẹbọ tí ọ̀sà ń bèèrè kò ṣòro í dárúkọ. Kí a dá ìdọ̀tí dúró; kí a fi òdiwọ̀n sí iyanrìn wíwà; kí apẹja àti ayanja jókòó níbi tí a bá ti ń pinnu ọ̀rọ̀ omi. Ẹni tí ó bá ń jẹ nínú oko ni ó yẹ kí ó tún oko ṣe.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.