Ìtàn Fibrillarin, Purotéènì Àjogúnbá Inú Sẹ́ẹ̀lì: Láti Inú Ẹmu dé Yàrá Ìwádìí ní Ọ̀tà

Ìfáàrà

Ní ilẹ̀ Àwórì tó yí Ọ̀tà ká, ẹmu ti wà tipẹ́tipẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó gba ojú ọ̀nà Sàngó kan. Adẹ́mu kì í fi ohunkóhun sínú akèrègbè rẹ̀ kí ẹmu tó hó. Ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń sọ adùn inú ẹmu di ọtí. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni ìwúkàrà tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Saccharomyces cerevisiae.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara ìwúkàrà. Síbẹ̀, purotéènì kan wà nínú rẹ̀ tó jọ ti ara ẹni tí ń mu ẹmu náà, débi pé ti ènìyàn lè ṣe iṣẹ́ ti ìwúkàrà. Bí àwọn onímọ̀ ṣe mọ èyí, àti ìdí tí ó fi kan àwọn tí ń wá oògùn ibà ní Ọ̀tà, ni kókó àpilẹ̀kọ yìí.

Ọmọ Kóró àti Iṣẹ́ Rẹ̀

Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, ti ẹranko àti ti ewéko ní kóró nínú. Nínú kóró yìí ni ohun kékeré mìíràn wà tí a lè pè ní ọmọ kóró. Felice Fontana, ará Ítálì, ti rí i ní 1781, nígbà tí ó ń fi awò yẹ ikun ara ẹja kan wò. Fún nǹkan bí àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ mọ ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ṣókùnkùn sí wọn.

Ní 1934, Barbara McClintock ní Amẹ́ríkà lo àgbàdo láti fi hàn pé ojú ibi pàtó kan lára okùn àbùdá ni ọmọ kóró ti ń hù. Ní 1964, Donald Brown àti John Gurdon yẹ irú àkèré kan tí ó wá láti gúúsù Áfíríkà wò. Wọ́n rí i pé ọmọ àkèré tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò bá ní ọmọ kóró kò lè pèsè RNA tí a fi ń kọ́ ràìbósóòmù, kò sì ní í dàgbà kí ó tó kú. Ràìbósóòmù ni ẹ̀rọ tí sẹ́ẹ̀lì fi ń hun purotéènì. Ọmọ kóró ni àgbẹ̀dẹ tí a ti ń rọ ẹ̀rọ náà.

Bí Fibrillarin Ṣe Di Mímọ̀

Ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn ni ó tọ́ka sí purotéènì tí à ń sọ. Àrùn kan wà tí ń mú kí awọ ara le gbagidi, nínú èyí tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara dojú ìjà kọ ara tí wọ́n yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Ní 1985, Robert Ochs àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé ẹ̀ṣọ́ inú ẹ̀jẹ̀ irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kan nínú ọmọ kóró. Wọ́n sọ ọ́ ní fibrillarin.

Ní 1989, àwọn onímọ̀ rí ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwúkàrà: ìwúkàrà tí kò bá ní in kò lè yè. Ní 1991, wọ́n mú ti ìwúkàrà kúrò, wọ́n fi ti ènìyàn rọ́pò rẹ̀, ìwúkàrà náà sì yè.

Ìdí tí kò fi yí padà hàn nínú iṣẹ́ rẹ̀. Fibrillarin ni ó ń fi àmì sí àwọn ojú ibi pàtó lára RNA tí ràìbósóòmù yóò lò. Ẹ̀dá tí àyípadà bá ba iṣẹ́ yìí jẹ́ nínú rẹ̀ kì í pẹ́ láyé tó láti fi àyípadà náà jogún fún ọmọ. Ní 1994 pàápàá, ìwádìí fi ìbátan rẹ̀ hàn nínú àwọn ẹ̀dá oníṣẹ́ẹ̀lì kan tí ń gbé ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, tí wọn kò sì ní kóró rárá, áḿbọ̀sì ọmọ kóró. Ó jọ pé purotéènì yìí dàgbà ju ilé tí ó ń gbé lónìí lọ.

Ọ̀tà àti Oògùn Ibà

Ní 2002 ni Yunifásítì Covenant bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀tà. Níbẹ̀ ni Ezekiel Adébíyìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lo kọ̀ǹpútà láti yẹ iṣẹ́ inú ara kòkòrò ibà wò, kí wọ́n lè mọ èyí tí oògùn lè dá dúró. Ọ̀ràn náà kì í ṣe kékeré: ní 2005, Nàìjíríà pa chloroquine tì gẹ́gẹ́ bí oògùn àkọ́kọ́ fún ibà, nítorí pé kòkòrò náà kò gbóògùn ọ̀hún mọ́.

Kòkòrò ibà náà ní fibrillarin. Bí oògùn bá pa á lára, ìyà lè jẹ kòkòrò, ṣùgbọ́n purotéènì tó jọ ọ́ ń bẹ nínú aláìsàn. Yorùbá ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Nítorí náà, ìbéèrè pàtàkì ni olùwádìí ní láti bi nípa purotéènì kòkòrò kọ̀ọ̀kan: ǹjẹ́ ènìyàn ní irú rẹ̀?

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn yìí fi hàn pé ohun tí kò yí padà nínú ẹ̀dá wúlò lọ́nà méjì. Ó jẹ́ kí a lè fi ìwúkàrà kọ́ ohun tí a kò lè dán wò lára ènìyàn. Ó sì ń kọ́ oníṣègùn ní ibi tí kò gbọdọ̀ ju òkò sí. Ìwúkàrà inú akèrègbè adẹ́mu Àwórì àti aláìsàn ibà lórí ibùsùn ní Ọ̀tà jọ jogún ohun kan náà. Ẹni tí yóò ṣe oògùn ní láti mọ àjogúnbá náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀.