Òfin Nìkan Kò Tó Ṣọ́ Igbó

Erin ni ó wà nínú àmì ìjọba Côte d'Ivoire, eyín erin ni àwọn Faransé sì fi sọ ilẹ̀ náà lórúkọ. Síbẹ̀, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 1920 + 100 kò dùn ún gbọ́.

Nínú igbó ìjọba 25 tí àwọn olùwádìí yẹ̀ wò, mẹ́rin péré ni wọ́n ti rí ẹ̀rí pé erin ṣì ń bẹ, gẹ́gẹ́ bí ìwé wọn ti ọdún 2020 ti wí. Kì í ṣe àìsí òfin ni ó fa èyí.

Òfin ti wà tipẹ́. Ní ọdún 1926 ni ìjọba Faransé ya igbó Banco sọ́tọ̀ ní Abidjan. Ní ọdún 1953, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà ìjọba. Lẹ́yìn òmìnira, ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ògọ́ọ̀sì, ọdún 1965, orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin tirẹ̀ lórí ẹranko àti ọdẹ. Ó ka àwọn ẹranko kan léèwọ̀ pátápátá. Ó ní kí ọdẹ gba ìwé àṣẹ kí ó tó pa òmíràn. Ní ọdún 1974, ìjọba fòfin de ọdẹ ṣíṣe jákèjádò ilẹ̀ náà.

Ṣùgbọ́n bí a ti ń lé ìbọn jáde, ọkọ́ àti àdá ń wọlé. Oko kòkó gba igbó, títí kan àwọn tí òfin dáàbò bò. Nígbà tí àwọn olùwádìí ka ìtẹ́ ìnàkí ní ọdún 2007, ó ti dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá sí ti ọdún 1990.

Igbó Comoé, ní àríwá ìlà-oòrùn, kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 2002, àbójútó igbó náà sì dẹnu kọlẹ̀. Ní ọdún 2003, UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi tí ó wà nínú ewu. Lẹ́yìn ogun, àbójútó padà. Erin àti ìnàkí tí a ti rò pé wọ́n ti tán tún bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i. Ní ọdún 2017, UNESCO yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ní ọdún 2024, Côte d'Ivoire ṣe òfin tuntun lórí ẹranko igbó. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà náà ní láti wà lọ́jà ná. Bí ẹ̀ṣọ́ bá wà nínú igbó, òfin yóò jẹ́ òfin. Bí kò bá sí, ìwé lásán ni.