Lionel Loueke: Ọmọ Benin tó fi wáyà kẹ̀kẹ́ ta gìtá kó tó di ìlúmọ̀ọ́ká nínú jazz

Ọmọ ọdún 17 ni Lionel Loueke nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìtá ní orílẹ̀èdè Benin. Okùn gìtá wọ́n bí ojú nígbà náà. Tó bá dọ̀tí, á rẹ ẹ́ sínú fínígà. Tó bá já, á fi wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ rọ́pò rẹ̀.

Etí ló kọ́kọ́ fi kọ́ jazz, láti inú àwo George Benson. Ṣùgbọ́n etí nìkan kò tó. Ó kọ́ṣẹ́ orin ní Ivory Coast, ó lọ sí Paris ní 1994, ó sì dé ilé ẹ̀kọ́ Berklee ní Amẹ́ríkà ní 1999.

Ní 2001, ó ṣe ìdánwò níwájú àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ mẹ́ta, Herbie Hancock, Wayne Shorter àti Terence Blanchard, láti wọ Thelonious Monk Institute. Wọ́n gbà á wọlé.

Ẹ̀kọ́ yìí kò pa ohùn ilé mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ṣì ń kọrin lédè Fọ̀n, ó ń fi ahọ́n dá ìlù, ó sì ń ki bébà sáàárín okùn gìtá rẹ̀.

Nígbà tó gbé àwo Karibu jáde ní 2008, Hancock àti Shorter tó dán an wò ló bá a ṣeré nínú rẹ̀.