Bíréèkì ṣáájú ẹ́ńjìnnì: Ìtọ́jú alùpùpù kékeré fún ẹni tó fẹ́ kó sáré

Alùpùpù kékeré kì í ṣe àlejò ní Kosofe. Láti Ketu dé Ikosi, títí wọ ọjà Mile 12, ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀kadà fi gbé ọlọ́jà àti ẹrù rẹ̀ wọ àwọn àdúgbò tí bọ́ọ̀sì kò lè wọ̀. Ara Okada Air, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ni wọ́n ti yọ orúkọ náà. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de iṣẹ́ ọ̀kadà ní Kosofe, Oshodi-Isolo, Somolu àti Mushin, lẹ́yìn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí òfin náà ti kọ́kọ́ mú ní oṣù kẹfà ọdún kan náà.

Òfin lè lé ọ̀kadà kúrò lójú títì, ṣùgbọ́n kò lè gba ìmọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ti kọ́ ọ. Ìmọ̀ náà ṣe kókó fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn láti máa tú alùpùpù palẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, kí wọ́n lè tún un tò kó máa sáré. Ohun mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn: kí wọ́n gé sáléńsà, kí wọ́n yọ asẹ́ afẹ́fẹ́ dànù, kí wọ́n sì fẹ ihò síléńdà. Ariwo ni méjì àkọ́kọ́ ń fún wọn. Ẹ̀kẹta kì í fún wọn ní ohun tí wọ́n rò.

Ibi tí eré ti bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, Soichiro Honda kó àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí àwọn ológun Japan fi ń fún rédíò wọn ní iná, ó sì dè wọ́n mọ́ kẹ̀kẹ́ ológeere. Ọdún mẹ́tàlá péré lẹ́yìn náà, ní 1959, alùpùpù 125 cc ti Honda ti wà níbi ìdíje ńlá ní erékùṣù Isle of Man, ó sì gba ẹ̀bùn ẹgbẹ́ tó ṣe dáadáa jù lọ ní ìsọ̀rí rẹ̀. Láti 1962 títí di 1983, ìdíje àgbáyé wà fún alùpùpù 50 cc, ìyẹn ìdajì ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà. Ní 1965, Ralph Bryans gba ife ẹ̀yẹ náà lórí Honda kan tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń yí ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ti ọ̀kadà 100 cc máa ń dé òpin agbára rẹ̀ ní nǹkan bí 7,500.

Kì í ṣe títóbi ẹ́ńjìnnì ló mú ìyàtọ̀ yìí wá. Irin tó fúyẹ́, ìwọ̀n tó péye, ọ́ìlì tó mọ́ àti ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó ń gbà jáde ló mú un wá.

Sáléńsà kì í ṣe ohun à-gé-dànù

Oríṣi ẹ́ńjìnnì méjì ni àwọn mẹkáníìkì ọ̀kadà mọ̀ jù. Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń jó epo ní gbogbo ìgbà tí kíráńkì bá yí lẹ́ẹ̀kan, tí ọ́ìlì rẹ̀ sì máa ń bá bẹntiróòlù jó. Irú rẹ̀ ni Suzuki AX100 àti Jincheng tí wọ́n ṣe ní Ṣáínà ní àwòkọ rẹ̀. Ìkejì ni èyí tó ń jó epo lẹ́ẹ̀kan nínú ìyípo méjì, tí ọ́ìlì rẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, bíi Bajaj Boxer.

Nínú oríṣi àkọ́kọ́, bí èéfín bá ti ń jáde, epo tútù tí kò tíì jó máa ń fẹ́ bá a jáde. Páìpù tó fẹ̀ níkùn tó sì tún fún lẹ́nu ló ń dá afẹ́fẹ́ padà, tí yóò ti epo náà wọnú síléńdà kí ihò tó dí. Walter Kaaden, onímọ̀ ẹ̀rọ iléeṣẹ́ MZ ní Jámánì ti Ìlà-Oòrùn, ló sọ ọgbọ́n yìí di ohun ìdíje láàárín ọdún 1950 sí 1960. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1961, Ernst Degner tó ń gun alùpùpù MZ sá kúrò lọ́wọ́ ìjọba ìlú rẹ̀ nígbà ìdíje kan ní Sweden, ó sì darapọ̀ mọ́ Suzuki pẹ̀lú ìmọ̀ náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba ife ẹ̀yẹ 50 cc fún Suzuki. Páìpù AX100 kò rí bíi ti ìdíje, ṣùgbọ́n wọ́n wọn gígùn àti ìkùn rẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ẹni tó bá gé e ti gé nínú agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ti Boxer náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ti wọn epo tí kábúrétọ̀ ń tú sílẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọlé àti èéfín tó ń jáde. Bí wọ́n bá gé sáléńsà tí wọn kò sì yí ìwọ̀n epo padà, afẹ́fẹ́ yóò pọ̀ ju epo lọ, ẹ́ńjìnnì yóò máa gbóná, orí písítìnì sì lè yọ́.

Fífẹ ihò síléńdà àti eruku

Ihò síléńdà Boxer 100 fẹ̀ tó 53 mm, písítìnì rẹ̀ sì ń rin 45 mm. Ìṣirò rẹ̀ jẹ́ 99.27 cc. Bí wọ́n bá fẹ ihò náà dé 54 mm, yóò di nǹkan bí 103 cc. Èrè rẹ̀ kò tó cc mẹ́rin, ògiri síléńdà sì ti tín-ín-rín sí i. Ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ ni fífẹ ihò, kì í ṣe oògùn eré.

Eruku ló sábà máa ń jẹ ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀. Iyanrìn tó bá gba kábúrétọ̀ wọlé á máa gé rìngì àti síléńdà bí ayùn. Ìdí nìyí tí asẹ́ afẹ́fẹ́ kò fi gbọdọ̀ kúrò láyè rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ fóòmù, kí wọ́n fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á kó tó padà síbẹ̀.

Ohun tí pulọ́ọ̀gì ń sọ

Lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, kí wọ́n tú pulọ́ọ̀gì wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá pọ́n bí ara igi, epo àti afẹ́fẹ́ ṣe déédéé. Bí ó bá dúdú tó sì ní èédú, epo tàbí ọ́ìlì ti pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, ooru ti pọ̀ jù, kí wọ́n má ṣe tún sáré mọ́ títí wọn yóò fi mọ ìdí rẹ̀.

Ṣéènì náà ní òfin tirẹ̀. Bí irin eléyín iwájú bá ní eyín 14, tí ti ẹ̀yìn ní 42, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti iwájú yóò yí kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá sọ ti iwájú di 15, ìyípo náà á di 2.8. Eré lè gùn sí i lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n agbára gígun òkè àti gbígbé ẹrù á dínkù. Nínú gbogbo ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà yí eré alùpùpù padà nílé, èyí ló rọrùn jù, tí kò sì ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Ìdí tí bíréèkì fi ṣáájú

Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì gbọ́dọ̀ pa kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Alùpùpù tó dúró láàárín mítà 6 nígbà tó ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan yóò nílò nǹkan bí mítà 24 bó bá ń sá 60. Kí ọwọ́ ẹni tó gùn ún tó fa bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan bá kọjá, ó ti fi nǹkan bí mítà 17 rìn. Ṣúù bíréèkì tó ti jẹ, tàbí tí ọ́ìlì kàn, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Bí wọ́n bá tú u, kí wọ́n má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀, nítorí pé àwọn ògbólógbòó ṣúù lè ní asbestos tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nù ún.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń tún alùpùpù eré tò nílé, bíréèkì, táyà àti béárínnì ẹsẹ̀ méjèèjì ni kí ó kọ́kọ́ ṣe. Lẹ́yìn èyí ni ṣéènì, asẹ́ afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì, kí ọwọ́ tó kan ẹ́ńjìnnì. Pápá tí wọ́n dí, tí kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kankan níbẹ̀, ni wọ́n ti ń dán an wò, kì í ṣe ojú títì Ikorodu tàbí àárín àwọn ọlọ́jà Mile 12. Akoto náà kò sì gbọ́dọ̀ gbẹ́yìn: láti ọjọ́ kìíní, oṣù kìíní, ọdún 2009 ni àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti ń fi agbára mú òfin akoto ṣẹ fún ẹni tó gun alùpùpù àti ẹni tó gbé sẹ́yìn.