Ẹnu báǹkì ni sítéétímẹ́ǹtì yín fi ń sọ̀rọ̀

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gba fáìlì CSV lọ́wọ́ báǹkì rẹ̀ rí, tó wá gbé e sínú áàpù tó ń báni ṣètò ìnáwó, mọ̀ pé kì í wọlé wẹ́rẹ́. Ọjọ́ á dàrú, owó á fọ́ sí mẹ́ta, èyí tó jáde á di èyí tó wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní àwọn ni ò mọ kọ̀ǹpútà lò. Rárá o. Ìtàn ló wà ńdìí ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí debit àti credit bẹ̀rẹ̀. Ní 1494, ní Venice ní ilẹ̀ Ítálì, àlùfáà Àgùdà kan tó ń jẹ́ Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò kan jáde. Nínú rẹ̀ ló ti ṣàlàyé bí àwọn oníṣòwò ibẹ̀ ṣe ń kọ owó lẹ́ẹ̀mejì, lójú ibi tó ti wá àti lójú ibi tó lọ. Òun kọ́ ló dá a sílẹ̀, ọwọ́ wọn ló ti bá a. Àwọn báǹkì ò tíì fi ìlànà yẹn sílẹ̀. Nínú ìwé tiwọn, owó tí ẹ bá kó síbẹ̀, gbèsè tí wọ́n jẹ yín ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sábẹ́ credit. Ká ní ẹ̀yin náà ń kọ ìwé lọ́nà yẹn, abẹ́ debit ni owó kan náà máa wà! Ẹ ò rí i pé ìwé onílé lẹ̀ ń kà.

Ẹ fi wé káàdì alájọ. Àpótí ọjọ́ 31, ẹ dá owó, ó sàmì sí ọ̀kan. Oṣù parí, ó yọ owó ọjọ́ kan fún ara rẹ̀, ó kó ìyókù lé yín lọ́wọ́. Ìyá tí ò rí ẹnu ọ̀nà ilé ìwé rí mọ iye tóun ní. Ojú ẹni tó lówó ni wọ́n fi kọ ọ́.

Nítorí náà, ìlà òòró méjèèjì yẹn, ẹ sọ wọ́n di ẹyọ kan. Owó tó jáde, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀. Èyí tó wọlé, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó kan kọ́mà. Láti 1972 ni Fortran ti IBM ti gbà kí wọ́n máa fi kọ́mà pín nǹkan sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìlànà CSV tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí, RFC 4180, 2005 ló tó jáde. Ọdún 33! Kó tó dé, kálukú ti ń ṣe é bó ṣe wù ú. Ìlànà yẹn ní tí kọ́mà bá wà nínú ọ̀rọ̀, kí ẹ fi àmì àyọlò yí i ká. Báǹkì tí ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ₦1,250,000.00 á fọ́ sí 1, 250 àti 000.00. Lójú áàpù, náírà kan péré lẹ ná. Ẹ tètè yọ kọ́mà àti àmì náírà kúrò nínú iye owó.

Excel ńkọ́? Bàbá ẹ̀ ni VisiCalc, tí Dan Bricklin àti Bob Frankston ṣe fún Apple II ní 1979. Bricklin ń kàwé ìṣòwò ní Harvard nígbà tó rí i bí nọ́ńbà kan bá yí padà lójú pátákó, wọ́n á ní láti pa ọ̀pọ̀ rẹ́ kí wọ́n tún un kọ. Nínú VisiCalc, tí ohun àkọ́kọ́ tí ẹ tẹ̀ bá jẹ́ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ ni. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà, ìṣirò ni. Ó bọ́gbọ́n mu, àbí? Àmọ́ nọ́ńbà àkáǹtì wa tí CBN sọ di oní-10 kì í ṣe ohun tí à ń ṣírò. Tí òdo bá ṣáájú rẹ̀, Excel á gé e dànù, á ku 9. Ẹ má kàn ṣí fáìlì yẹn gbàgà. Ẹ gba inú Data wọlé, kí ẹ sọ fún un pé Text ni.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọjọ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi oṣù ṣáájú, àwa ń fi ọjọ́ ṣáájú bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa. Tí kọ̀ǹpútà yín bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, 03/04 á di ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta. 13/04 ńkọ́? Kò sí oṣù kẹtàlá, á fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán. Ìdajì irọ́, ìdajì òkú, kò sì ní kìlọ̀ fún yín. 1988 ni ISO ti ní ká máa kọ ọ́ báyìí: 2024-04-03. Ẹ lò ó.

Ẹ má rò pé eré ni. Aládùúgbò mi kan ń ta aṣọ. Nígbà tí náírà ṣọ̀wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, gbogbo wa sá lọ sórí tíráńsífà. Ó fi ₦85,000 ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lọ, owó padà. Ó tún gbìyànjú, ó tún padà. Áàpù rẹ̀ kọ ₦170,000 sílẹ̀ bí ọjà tó tà. Díẹ̀ ló kù kó fi "èrè" yẹn gba ṣọ́ọ̀bù kejì. Ọmọ rẹ̀ ló wo sítéétímẹ́ǹtì lẹ́sẹẹsẹ, tó rí "RVSL" lẹ́ẹ̀mejì.

Owó tó lọ tó padà, ẹ yọ méjèèjì. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ láti àkáǹtì yín kan sí òmíràn, ẹ má kà á sí owó tó wọlé.

Ẹ sì tọ́jú fáìlì àkọ́kọ́ síbì kan, kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Mint kógbá wọlé ní Amẹ́ríkà ní 2024, CSV ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi kó àkọsílẹ̀ ọdún gbọọrọ jáde lọ sínú áàpù mìíràn.