Àwọn Akú ní Ilẹ̀ Sàró: Bí Àwọn Tí Ogun Lé Kúrò Nílé Ṣe Pa Ìtàn Ilé Mọ́

Ìlú Malete, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Moro ní Ìpínlẹ̀ Kwara, wà ní àríwá Ìlọrin. Láti ọdún 2009 tí Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ti fìdí kalẹ̀ síbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ láti oríṣiríṣi ìlú ni wọ́n ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ìrìn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rìn ní agbègbè yìí kì í ṣe ìrìn ẹ̀kọ́, ìrìn àsálà ni. Láàárín Ìlọrin àti Ọ̀yọ́ Ilé ni Malete wà, ilẹ̀ yìí sì wà lára ibi tí ogun tí ó tú Yorùbá ká ti gbóná.

Yorùbá ní orúkọ fún ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí. Ogunléndé ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹni tí ogun lé dé ibi tí ó wà. Orúkọ náà sọ ohun tí ó lé e, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó gbé dání. Ìtàn àwọn Yorùbá tí ogun gbé dé ilẹ̀ Sàró, èyí tí í ṣe Sierra Leone, lè fi yé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ohun tí ènìyàn lè gbé dání nígbà tí ilé, oko àti ẹbí bá ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ogun tí ó tú ilé ká

Ní nǹkan bí ọdún 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tí ó fi Ìlọrin ṣe ibùjókòó, kẹ̀yìn sí Aláàfin. Rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé e kò mọ sí àárín àwọn ìjòyè. Ìlú lẹ́yìn ìlú ń dahoro, títí Ọ̀yọ́ Ilé fúnra rẹ̀ fi tú ní nǹkan bí ọdún 1836. Ní ìhà gúúsù, ogun pa Òwu run, àwọn Ẹ̀gbá sì sá kúrò ní àwọn ìlú wọn, wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó ní ọdún 1830. Ó di ẹni orí yọ, ó dilé. Ẹni tí ó ríbi sá sí dá ibùdó tuntun. Ẹni tí ọwọ́ bà di ọjà títà ní etí òkun.

Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tí ọwọ́ bà. Ní ọdún 1821, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ nǹkan bí ọdún méjìlá, àwọn ajagun kó òun àti ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n fọ́ ìlú wọn. Wọ́n ya ọmọ kúrò lọ́dọ̀ ìyá, wọ́n sì ń tà á láti ọwọ́ kan dé òmíràn títí ó fi dé Èkó, níbi tí àwọn Pọtogí ti rà á. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì dá ọkọ̀ ẹrú náà dúró lójú òkun, wọ́n sì kó àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí Freetown. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, Freetown ni wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀ lójú omi lọ. Iye wọn lápapọ̀, láti oríṣiríṣi ẹ̀yà ilẹ̀ Áfíríkà, ju 80,000 lọ.

Kíkí tí ó di orúkọ

Kí ogun tó dé, ará Ìjẹ̀bú kì í pe ara rẹ̀ ní Yorùbá, bẹ́ẹ̀ ni ará Ìjẹ̀ṣà àti ará Ẹ̀gbá. Àwọn Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní pàtàkì. Ní Freetown àti ní àwọn abúlé rẹ̀ bíi Hastings, Waterloo àti Kissy, àwọn ènìyàn yìí bá ara wọn láàárín àjèjì, wọ́n sì rí i pé ẹnìkan sọ̀rọ̀, ẹnìkejì gbọ́. Àwọn ẹ̀yà yòókù kíyè sí i pé bí àwọn wọ̀nyí bá ti pàdé, kíkí ni: ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Láti ara “ẹ kú” yìí ni wọ́n ti sọ wọ́n ní Akú.

Nígbà tí oníṣẹ́ ìwádìí èdè kan tí ó jẹ́ ọmọ Jámánì, Sigismund Koelle, tẹ ìwé rẹ̀ Polyglotta Africana jáde ní ọdún 1854, lẹ́nu àwọn tí ó bá ní Freetown ni ó ti kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ. Lábẹ́ orúkọ Akú ni ó to ẹ̀ka èdè Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ifẹ̀, Oǹdó àti àwọn mìíràn sí. Àwọn tí ìlú wọn ti ń bá ara wọn jagun nílé wá di ọmọ ìyá kan náà ní ìdálẹ̀.

Ohun tí ayẹyẹ pa mọ́

Àwọn Akú kò ní ààfin ní ilẹ̀ Sàró, wọn kò sì ní ojúbọ àwọn bàbá wọn níbẹ̀. Ohun tí wọ́n ní ni ìṣe wọn, ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fi dì í mú. Wọ́n dá ẹgbẹ́ eégún sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọ̀jẹ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọdẹ sílẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ṣì wà ní Freetown títí di òní. Àwọn kan nínú wọn di ẹlẹ́sìn Kírísítì, àwọn mìíràn sì jẹ́ Mùsùlùmí, pàápàá ní àdúgbò Fourah Bay, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ẹ̀sìn kò pa ìṣe ilé rẹ́.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ́tí sí èdè Krio tí àwọn ará Freetown ń sọ, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀. Komojade ni wọ́n ń pe ìsọmọlórúkọ, nítorí ọjọ́ yẹn ni a kó ọmọ jáde. Awujoh ni àsè tí wọ́n ń sè ní ìrántí àwọn òkú ọ̀run. Ashobi ni aṣọ ẹbí, akara sì ni àkàrà. Kushe tí wọ́n fi ń kí ara wọn kò jìnnà sí “ẹ kú iṣẹ́.”

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kan tí ó korò wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n èdè fúnra rẹ̀ kò sí lẹ́nu àwọn ọmọ wọn mọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè ojoojúmọ́. Krio ti gba ipò rẹ̀. Ayẹyẹ lè gbé ọ̀rọ̀ dúró, kò lè fi odindi èdè lé ọmọ lọ́wọ́ bí òbí kò bá bá ọmọ sọ ọ́.

Ohun tí ìwé gbé padà wálé

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà ìwé. Àjàyí, tí ó gba orúkọ Samuel Crowther nígbà tí ó ṣèrìbọmi ní ọdún 1825, kò jẹ́ kí orúkọ ilé rẹ̀ parẹ́. Ní ọdún 1837 ó kọ lẹ́tà gígùn kan nípa bí wọ́n ṣe kó o lẹ́rú. Ní ọdún 1843 ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó sì bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Orúkọ náà, Yorùbá, tí ó jẹ́ ti àwọn Ọ̀yọ́ tẹ́lẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kárí gbogbo wọn.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn Akú ti ń wọ ọkọ̀ padà gba Àgbádárìgì àti Èkó, àwọn ará ilé sì ń pè wọ́n ní Sàró. Crowther dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ni òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí ìyá náà ṣèrìbọmi ní ọdún 1848, Hana ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì.

Ní ọdún 1846 yẹn kan náà ni wọ́n bí Samuel Johnson ní Hastings. Bàbá rẹ̀, ẹni tí ó tan mọ́ Aláàfin Abíọ́dún, kó ẹbí rẹ̀ wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì dé ibẹ̀ ní ọdún 1858. Johnson rí i pé àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà rẹ̀ mọ ìtàn Róòmù àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ti ilé wọn lọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn àgbà, títí kan àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́. Ó parí ìwé rẹ̀, The History of the Yorubas, ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ìwé tí ó fọwọ́ kọ yìí sọnù lẹ́yìn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ìlú Ọba. Johnson kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù nílé, ó sì jáde ní ọdún 1921. Ọmọ tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀ ni ó kọ ìwé tí àwọn ará ilé fi ń mọ ìtàn ilé.

Ẹ̀kọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́

Ohun mẹ́ta ni ó hàn nínú ìtàn yìí. Ogun kò lè kó ohun tí ó wà lórí ahọ́n. Ayẹyẹ a máa pẹ́ ju èdè lọ. Ohun tí a bá kọ sílẹ̀, tí a sì pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́, lè sọnù kí ó sì tún padà wá. Bí Obadiah Johnson kò bá rí àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, kí ni à bá máa kà lónìí?

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Malete àti àyíká rẹ̀ kò gbọdọ̀ rò pé Freetown nìkan ni ìtàn ogunléndé wà. Ó wà nínú oríkì orílẹ̀ ilé wọn, nínú orúkọ agboolé, nínú ìdáhùn àgbàlagbà tí a bi pé, “Níbo ni àwọn bàbá yín ti wá kí wọ́n tó tẹ ibí dó?” Ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kí olùkọ́ fún ọmọ ní ìwé àti gègé, kí ó rán an lọ bá bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà, kí ó sì sọ fún un pé kí ó kọ ohun tí ó bá gbọ́ sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n fi sọ ọ́ fún un.